Ilé Ọgbọ̀n Odó

Ọmọ káfíńtà ni wọ́n rẹ́ jẹ. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni, oòrùn sì ti là kedere, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun ò rí i. Ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ ni alága Ilé Ọgbọ́n Ọ̀dọ́, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mo-Ti-Ṣe-É-Rí.

Wọn ò fi orúkọ náà bú u. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ wẹ odò já, òun ti wẹ òkun já, ó sì tún padà lọ mú bàtà tó gbàgbé sí èbúté. Lọ́jọ́ kan, abiyamọ kan ń ròyìn bí ìrọbí ṣe mú un. Alága ti la ẹnu, ó ti dé "Mo ti", kí ìyàwó rẹ̀ tó fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Yàrá mẹ́rin ló wà nínú Ilé Ọgbọ́n Ọ̀dọ́. Wọ́n ń ránṣọ nínú ọ̀kan, wọ́n ń kọ́ eré orí ìtàgé nínú èkejì, ẹ̀kẹta jẹ́ ti àwọn agbẹ́gilére. Ẹ̀kẹrin tó kéré jù ni ti àwọn tó ń kọ pátákó. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin káfíńtà wọ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀. Bó bá fẹ́ kí èèyàn káàárọ̀, ọ̀sán á ti pọ́n. Wọ́n ti fi í ṣẹ̀sín títí tó fi panu mọ́. Wọ́n fún un ní búrọ́ọ̀ṣì. Ó kọ lẹ́tà, ó fi àmì sí i lórí, ó fi sí i nídìí, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ bá ti mọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ há lọ́fun mọ́. Kò pẹ́ tó fi ń kọ́ àwọn mọ́kànlá mìíràn. Ẹni tí kò lè pe orúkọ ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti wá ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ yàrá rẹ̀ pé kí wọ́n fọ búrọ́ọ̀ṣì.

Ìròyìn wá dé pé ọ̀gá obìnrin kan láti ilé iṣẹ́ ìjọba yóò wá bẹ̀ wọ́n wò lọ́jọ́ Ẹtì, yóò sì kó irinṣẹ́ wá, bí wọ́n bá ti kọ̀wé béèrè. Ó yẹ kí ọmọ káfíńtà kọ lẹ́tà, kó sì kọ pátákó tuntun síwájú ilé. Alága gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí ló le nínú ìyẹn, òun ti ṣe é rí. Ó ní àmì ohùn ń fi àkókò àwọn ọ̀dọ́ ṣòfò ni, ló bá ti yàrá kẹrin pa, ó sọ kọ́kọ́rọ́ sápò.

"Bàbá," ọmọ náà ní, ó rọra ń yọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń fa ìṣó yọ, "ẹ̀yin fúnra yín kì í jáde láìdé fìlà, láìwọ bàtà. Ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà rìn níhòòhò."

"Ohun tí àgbà bá fi ìjókòó rí," alága dá a lóhùn, "bí ọmọdé gun àkàbà, kò lè rí i."

Òun gan-an ló wá gun àkàbà. Ó kọ pátákó náà gàdàgbà-gadagba: ILE OGBON ODO. Bẹ́ẹ̀ náà ló kọ lẹ́tà, ó sì fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìjọba. Àgbà kì í wà nílé kí orí lẹ́tà wà lófìfo. Àgbà tiwa wà nílé o, òun ló ṣí wọn ní fìlà.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà kan yí odó tó ti là wọlé.

"Ọmọ mi, wọ́n ní ọgbọ̀n lẹ ní. Ẹ bá mi pààrọ̀ ẹyọ kan."

Alága ṣàlàyé títí tí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá ní òun mọ̀wé kà, ojú òun ò sì fọ́. Ní ọjọ́ Rú, apẹja kan gbé àwọ̀n dé, ó béèrè èwo nínú ọgbọ̀n odò náà ló lẹ́ja jù. Nígbà tí wọ́n ní kò sí odò kankan, ó wo pátákó, ó ní òun ò bínú sí ẹni tó bá fi odò rẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n kó má kọ ọ́ síta mọ́.

Gbogbo àdúgbò ń rẹ́rìn-ín. Àwọn mọ́kànlá jókòó sórí àtẹ̀gùn níwájú yàrá tí wọ́n tì. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Alága dé fìlà tuntun. Ọkọ̀ akẹ́rù dúró, wọ́n ká tápólì kúrò, odó ló jókòó gbàgìdì-gbàgìdì látorí títí dé ìdí ọkọ̀.

"Ọgbọ̀n ni, ó pé," ọ̀gá obìnrin náà ní, ó sì na lẹ́tà alága síta: E jowo, e ran Ogbon Odo lowo.

"'Ẹ ran Ọgbọ́n Ọ̀dọ́ lọ́wọ́' ni mo kọ," alága sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"'Ẹ rán ọgbọ̀n odó' la kà. 'Lowo' tó gbẹ̀yìn nìkan ló rú wa lójú. A ní bóyá ẹ ń yangàn pé ẹ lówó."

Ìyá àgbà ọjọ́sí ti dé, ó ti yan odó tirẹ̀. Ó wo alága láti orí dé ẹsẹ̀. "Àbí ẹ ò ní kò sí?"

Ọ̀gá obìnrin ní wàhálà kọ́. Bí wọ́n bá fún òun ní lẹ́tà tó yè kooro báyìí, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ irinṣẹ́ tí wọ́n ń fẹ́, ọkọ̀ á padà lọ kó wọn wá kí wọ́n tó ti ilé ìkẹ́rùsí ní agogo mẹ́rin. Ó yíjú sí alága. Ó ní ṣé ó ti kọ irú rẹ̀ rí?

Gbogbo èèyàn dúró de ìdáhùn tí wọ́n ti mọ̀ sórí. Alága tún fìlà orí rẹ̀ ṣe.

Ọmọ káfíńtà dìde lórí àtẹ̀gùn. "Bàbá, àkọsílẹ̀ náà wà lára ògiri yàrá kẹrin. Ẹ fún wa ní kọ́kọ́rọ́."

Ọ̀rọ̀ náà jáde ní odidi, tòun ti fìlà, tòun ti bàtà.

Alága fọwọ́ kan àpò. Ó wo pátákó. Ó wo àwọn mọ́kànlá. Ó wá rọra jókòó sórí odó tó sún mọ́ ọn jù, bí ẹni tí kò jókòó sórí odó rí. Awakọ̀ ti tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ sílẹ̀, ó ń dún.

"Ẹ fún wa ní kọ́kọ́rọ́," ọmọ káfíńtà tún sọ.