Ọjọ́ tí Owó Wọ Pápá Bálìkórá

Ẹ̀yin tí ẹ fara balẹ̀ ń gbọ́ mi yìí, ǹjẹ́ ẹ ti bi ara yín rí nípa ìdí tí àwọn àgbà Ìgbájọ fi máa ń sọ pé, "Owó wọ eré, eré diṣẹ́"? Ẹ má wulẹ̀ wá a lọ sí ayé àtijọ́. Òwe náà kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kò sì ṣẹ̀ nílé wa níhìn-ín. Òkè òkun ló ti wá, nínú òtútù, lórí pápá kan tó rin gbindin. Ìyá Adúnọlá oníṣòwò obì ló gbé e wálé fún wa.

Ìyá Adúnọlá yìí, ẹ ò lè rí ẹni tó mọ iye nǹkan bíi tirẹ̀. Bó bá gbọn apẹ̀rẹ̀ obì wò lásán, á ti sọ iye tó máa pa. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbẹ́rù lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà kì í sì í bá ẹnikẹ́ni gbé e lọ́fẹ̀ẹ́. "Iṣẹ́ tí kò bá lówó nínú," ló máa ń wí, "àìsàn ni."

Nígbà tí Adúnọlá ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nílẹ̀ Áyálándì, bímọ, Ìyá wọ bàálù lọ bá a wẹ ọmọ. Abúlé kan tó ń jẹ́ Bálìkórá ni wọ́n ń gbé. Òjò, màlúù, koríko tútù, ó tán. Nígbà tí Adúnọlá rí i pé ìyá òun kàn ń káwọ́ lẹ́rán lójú fèrèsé, ó bẹ Máréédì, obìnrin opó tó múlé tì wọ́n, pé kó mú màmá òun jáde lọ́jọ́ Ìsinmi kó lọ fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀. Máréédì mú un, ó di pápá.

Ìyá bá àwọn géńdé ọkùnrin lórí pápá náà, apá kan wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, apá kejì wọ pupa. Olúkúlùkù gbé igi dání, igi tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Ẹnìkan fọn fèrè, bí igi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ro nìyẹn, gbà-gbà-gbà. Èjìká ń kọ èjìká, eléyìí ṣubú, tọ̀hún fò ó kọjá. Ìyá dìde fùú.

"Yéè! Ìjà dé o! Ẹ bá wa là wọ́n!"

Ó ti ká ìró sókè, ó ti ń sáré lọ, kí Máréédì tó fà á láṣọ.

"Jókòó jàre, eré ni."

"Eré kẹ̀? Báwo wá ni ìjà tiwọn ṣe máa ń rí?"

"Họ́líǹgì là ń pè é. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń fi igi gbá."

"Bọ́ọ̀lù wo?"

Máréédì nawọ́ sókè. Ìgbà yẹn ni Ìyá tó rí i: nǹkan funfun kékeré kan, kò tó ọsàn, tó ń fò lókè réré bíi lékelèké tí wọ́n yìnbọn lé. Ó ga débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ kùrukùru. Nígbà tó ń bọ̀ wálẹ̀, igi tó ń dúró dè é pọ̀ bí ẹ̀gún, ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán kan yọ láàárín àwọn igi náà, ó já bọ́ọ̀lù gbà wẹ́rẹ́, bí ẹni tó já èso lórí ẹ̀ka. Ẹni tó já a ò dúró o. Ó gbé bọ́ọ̀lù lé orí igi, ó fi eré gé e, bọ́ọ̀lù ń jó lórí igi bẹ́ẹ̀ kò jábọ́. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó gbá a láìwojú, bọ́ọ̀lù náà sì gba àárín òpó gíga méjì kọjá ní ọ̀kánkán ojú ọ̀run.

Ìyá di àyà rẹ̀ mú. Obìnrin tó ti ń ná obì láti kékeré, tó rò pé kò sí ohun tí ojú òun ò tíì rí, ló lanu sílẹ̀ tí òjò ń rọ̀ sí i lẹ́nu.

Èyí tó wá pa á pátápátá ni ti aṣọ́lé Bálìkórá, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ilé bọ́ọ̀lù nínú aṣọ aláwọ̀ ewé. Kólùmù ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin pupa rọ̀bọ̀tọ̀ kan. Aláṣọ pupa kan yin bọ́ọ̀lù sí i láti ìtòsí, ó ń sáré bọ̀ bí ọta ìbọn. Kólùmù ò yẹ̀. Àyà ló fi gbà á, ó ró gbì, ó ṣubú, ó sì dìde, ó nu ẹnu, ó gbá bọ́ọ̀lù padà síbi tó ti wá.

"Máréédì," Ìyá wí wúyẹ́wúyẹ́, "èló ni wọ́n ń san fún ọkùnrin yẹn?"

"Wọn ò san kọ́bọ̀. Òfin eré náà ni, ẹni tó ń gbá a kì í gbowó. Kólùmù fún wàrà màlúù kó tó wá, yóò tún fún un bó bá délé. Èyí tó gbá bọ́ọ̀lù láìwojú yẹn, Dónàlì, olùkọ́ ni. Èyí tó ṣubú yẹn ló bá mi tún páìpù omi mi ṣe."

Ìyá ò gbà. Nígbà tí eré parí, ó lọ bá Kólùmù fúnra rẹ̀, ó di ìka rẹ̀ tó wú mú, ó ní, "Ọmọ mi, kí ló ń lé ọ?"

Kólùmù rẹ́rìn-ín. "Màmá, baba mi dúró nínú ilé yìí. Baba rẹ̀ dúró níbẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, orí àwọn ló gbà kọjá."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ìyá lára ju òtútù lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí òjò tó lè dá a dúró. Ó fi gèlè aláwọ̀ ewé wé orí, ó sì fún Kólùmù lórúkọ, "Odi!" ìyẹn odi ìlú tí ogun ò lè fọ́. Kò pẹ́ tí gbogbo abúlé fi ń ké e, títí kan àwọn arúgbó òyìnbó tí ahọ́n wọn ò yí dáadáa: "Ódì! Ódì!" Ẹ sì wo irú àwọn èèyàn tí wọ́n jẹ́! Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ìjì ká òrùlé rẹ̀ lọ láàárọ̀, ó ní òun máa kàn án bí eré bá parí. Ọkọ àti ìyàwó kan sì ti ilé ìjọsìn wá tààrà, aṣọ ìyàwó ń wọ́ nínú ẹrẹ̀, wọn ò bìkítà. Ìyá á wò wọ́n títí, á ní, "Irú ìfẹ́ wo nìyí?"

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ oníṣòwò ò jẹ́ kó sinmi. Bálìkórá ti wọ àṣekágbá, ife tí wọn ò tíì gbà láti ìgbà tí Máréédì ti wà ní ìyàwó tuntun. Ìyá rò ó pé bí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá lè ṣe báyìí lọ́fẹ̀ẹ́, kí ni wọn ò ní ṣe bí owó bá wọ̀ ọ́? Ló bá lọ dúró ti Fíntánì, olówó abúlé náà, tó ń kọ́ ilé tà.

"Ọ̀gá Fíntánì, ojú ò tì yín? Ẹ̀ ń fi ìyà àwọn ọmọ ọlọ́mọ ṣe ìran wò!"

Ọ̀rọ̀ náà gún Fíntánì lọ́kàn. Ó pe gbogbo abúlé jọ sí gbọ̀ngàn, ó ní láti ọ̀sẹ̀ yẹn lọ, gbogbo ẹni tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù yóò máa gba nǹkan lọ́wọ́ òun.

"Òfin ńkọ́?" Dónàlì bèèrè.

"Owó ọ̀yà kọ́," ni Fíntánì fèsì. "Owó ẹ ṣeun ni."

Àtẹ́wọ́ ta. Ìyá ló pàtẹ́wọ́ jù.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dára. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà ìdánrawò, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sí Kólùmù, ó yẹ̀ fún un, ó wọlé.

"Kí ló dé?" Dónàlì pariwo.

"Ọwọ́ ni mo bá Fíntánì ṣe àdéhùn pé màá fi máa mú un," ni Kólùmù wí. "A ò dárúkọ àyà."

Dónàlì bínú, ṣùgbọ́n nígbà tí bọ́ọ̀lù tún yí lọ sí ẹ̀bá ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun náà wò ó tó kọjá. Ó ní apá ibẹ̀ yẹn kì í ṣe ti òun, pé bí òun bá ṣe iṣẹ́ oníṣẹ́, ta ni yóò san án? Àwọn tó ń jókòó de ààyè ní jíjókòó nínú òtútù le ju sísáré lọ, nítorí náà kí owó tàwọn lé. Ẹni tó ń gé koríko pápá dúró sí ìdajì, ó ní ibi tí owó òun mọ nìyẹn. Máréédì, tó ti ń po tíì fún wọn láti ayébáyé, gbé kẹ́tùrù sílẹ̀.

"Tíì wà," ló wí, "ṣùgbọ́n ó ti lówó lórí."

Ló bá kan àwọn òǹwòran. Wọ́n ní bí ẹni tó ń gbá a bá ń gbowó, àwọn tí ọ̀nà ọ̀fun àwọn ń ha ńkọ́? Fíntánì, tí àṣekágbá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, gbà. Wọ́n pín wọn: ẹni tó ń pariwo, ẹni tó ń pàtẹ́wọ́, ẹni tó kàn ń mi orí. Wọ́n wá fi Ìyá Adúnọlá jẹ Olórí Aláriwo, owó tirẹ̀ sì pọ̀ jù. Ìyá gbà á, ó ká a sínú ìró. Ṣùgbọ́n nígbà tó lanu láti ké "Odi!", ohùn ò jáde. Ó tún un ṣe, ohun tó jáde dà bí ìgbà tí ewúrẹ́ ń sín. Ojú rẹ̀ ò sí lára bọ́ọ̀lù mọ́, aago ló ń wò. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Ọjọ́ àṣekágbá pé. Èrò kún pápá ńlá fọ́fọ́. Bálìkórá àti àwọn aláṣọ pupa láti abúlé kejì gbá a, gbá a, wọ́n ta ọ̀mì. Ẹnìkan farapa, adájọ́ eré sì ní wọn yóò fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un. Bó ṣe sọ ọ́ tán, Kólùmù fi igi lélẹ̀, ó jókòó sórí koríko.

"Ìṣẹ́jú tí a fi kún un kò sí nínú àdéhùn."

Dónàlì jókòó. Gbogbo aláwọ̀ ewé jókòó. Àwọn aláriwo panu mọ́, àwọn alápàtẹ́wọ́ ki ọwọ́ bọ àpò. Pápá dákẹ́ rọ́rọ́, èèyàn lè gbọ́ bí òjò ṣe ń kán sórí gèlè Ìyá. Àwọn aláṣọ pupa náà dúró, bọ́ọ̀lù wà lórí igi wọn, wọn ò gbá a. Wọ́n rò pé ọgbọ́n kan ni, wọ́n ń wo ilẹ̀ bóyá kòtò wà níbẹ̀.

Fíntánì ń sá kiri ẹ̀bá pápá, owó lọ́wọ́. "Mo fi kún un! Mo tún fi kún un!"

"Ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀," ni Dónàlì wí, ó na ẹsẹ̀.

Ojú Máréédì kún fún omi. Ìyá rí i. Ó rí Kólùmù tó jókòó sínú ilé baba rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, nítorí òun ló dáná yìí. Ó tú ìdí ìró, ó fa owó rẹ̀ yọ, ó sọ ọ́ lu Fíntánì láyà, ó sì kọrí sínú pápá. Ó gbé igi Kólùmù nílẹ̀, ó dúró sẹ́nu ilé.

"Ẹ máa gbá a bọ̀! Ẹni tí kò gba owó ló wà níbí!"

Aláṣọ pupa tó gbé bọ́ọ̀lù ga bí igi àràbà. Ó wo ìyá arúgbó tó wé gèlè, ó fà sẹ́yìn.

"Màmá, ẹ kúrò níbẹ̀, wọn á ṣe yín léṣe!" Kólùmù kígbe.

"Èló ni wọ́n san fún ọ láti bá mi sọ̀rọ̀?"

Ojú Kólùmù pọ́n bí ata. Ó fo dìde, ó fa owó yọ nínú ìbọ̀sẹ̀, ó dà á sílẹ̀, ó gba igi rẹ̀. Dónàlì da tirẹ̀ náà sílẹ̀, gbogbo wọn dà á. Máréédì ló kọ́kọ́ ké e, "Ódì!" ni gbogbo pápá bá gbà á, tí ilẹ̀ fi mì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá wà níbẹ̀ ló lè sọ bí wọ́n ṣe gbá ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn. Bọ́ọ̀lù ò kan ilẹ̀. Kólùmù fi àyà gbà á, ó fi itan gbà á, ó fi àkoto orí gbà á. Dónàlì fò sókè débi pé Ìyá rò pé kò ní sọ̀ mọ́. Àwọn aláṣọ pupa pàápàá ń pàtẹ́wọ́ fún wọn láàárín eré.

Ṣùgbọ́n òfin lòfin. Ìyá ò tíì jáde kúrò nínú pápá. Ibi tó dúró sí lẹ́bàá òpó ló ti ń wòran, tẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Adájọ́ kà wọ́n, ó rí i pé èèyàn Bálìkórá fi ẹnìkan lé. Ó fọn fèrè, ó fún àwọn aláṣọ pupa ní bọ́ọ̀lù ìyà, wọ́n gbá a gba orí ọ̀pá kọjá láàárín òpó méjèèjì, àmì kan nìyẹn, wọ́n sì fi àmì kan ṣoṣo yẹn gba ife lọ.

Ẹ rò pé àwọn ará Bálìkórá bínú? Wọ́n gbé Ìyá sí èjìká. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Máréédì ń po tíì, kò gba kọ́bọ̀.

Ó wá ku owó tó fọ́n ká sórí pápá. Atẹ́gùn ń gbá a kiri nínú ẹrẹ̀. Fíntánì pe ẹni tó ń gé koríko pé kó bá òun ṣà á.

"Ṣíṣà?" ọkùnrin náà wí. "Èló lẹ máa san?"

Kò sẹ́ni tó bá Fíntánì ṣà á. Olówó bọ́ kóòtù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi orúnkún rìn nínú ẹrẹ̀, ó ń lé owó láti òpó dé òpó, ó ń làágùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá wò ó láti orí èjìká àwọn èèyàn, ó mi orí. Ohun tó sọ níbẹ̀ ló gbé wálé, òun náà sì ni àwọn àgbà fi ń dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun tó bá ní kí wọ́n fi owó sídìí ayò tí wọ́n ń ta lábẹ́ igi: "Owó wọ eré, eré diṣẹ́."