Ààlè Tó Wà Lẹ́nu Góòlù Lavut

Ẹjọ́ tí wọ́n gbé wá síwájú Olóyè Malsoklei nírọ̀lẹ́ àná kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, kì í sì í ṣe ẹjọ́ obìnrin. Ewé méjì ló dá a sílẹ̀. Masing ará Norbul ló pẹjọ́, Kaising tó jẹ́ aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Lavut ló sì pè lẹ́jọ́. Gbogbo ìhà yìí ní erékùṣù Malekula ló ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n olóyè ní kí wọ́n tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀, nítorí òun ti sùn lọ lábẹ́ igi lọ́jọ́ náà kí bọ́ọ̀lù tó dé ìdajì.

Masing dìde nínú nákàmàl, ilé ìpàdé àwọn ọkùnrin. Ó ti pé ọdún méjìdínlógójì, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tí orúnkún ọ̀tún ti ń dùn ún. Ó ti ṣèlérí fún ìyàwó rẹ̀ pé líìgì erékùṣù ti ọdún yìí lòun máa gbá kẹ́yìn. Kò sì tíì gba ife kankan rí láyé rẹ̀. Láti oṣù kẹrin ni Norbul ti ń jìyà bọ̀. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹrẹ̀, wọ́n gbá a lórí pápá tí màlúù ṣu sí, títí ó fi ku ìdíje kan ṣoṣo, tiwọn àti Lavut. Bí Norbul bá borí, àwọn ni yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Luganville lọ́jọ́ Sátidé láti bá àwọn erékùṣù yòókù figagbága. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, Lavut ló ń lọ.

Masing ní, "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, a ò tíì rí góòlù kankan. Mo gba gbogbo wọn kọjá. Kaising fò sílẹ̀, ó ṣubú sẹ́yìn mi. Ó wá ku èmi àti òpó góòlù. Mo gbójú sókè báyìí, ewé námẹ́lẹ̀ ni mo rí lára òpó ọ̀tún. Mo wo òsì, òmíràn tún rèé."

Àwọn ìgbìmọ̀ mí kanlẹ̀. Ibi tí olóyè bá fi ewé námẹ́lẹ̀ pa ààlè sí, ẹsẹ̀ àjèjì kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ yóò fi ẹlẹ́dẹ̀ tí eyín rẹ̀ ti ká bí ẹ̀gbà ọwọ́ tọrọ àforíjì. Ẹyọ kan péré ni Masing ní nínú irú ẹlẹ́dẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọdún méje ló sì fi bọ́ ọ.

Olóyè bi í pé, "Kí lo wá ṣe?"

"Mo dúró, Bàbá."

"O dúró dìgbà wo?"

"Títí Kaising fi dìde, tó gbọn iyanrìn ara rẹ̀ nù, tó wá gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ mi."

Ẹ̀rín gba ilé kan. Masing ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni Norbul ti sọ ọ́ ní Òpó Kẹta. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá, bó bá fẹ́ kó yà fún òun lẹ́nu ọ̀nà, á ní kí Òpó jọ̀ọ́, kó sún.

Wọ́n ní kí Kaising sọ tẹnu rẹ̀. Kò janpata. Ó ní òun lòun so ewé náà.

Olóyè tẹjú mọ́ ọn. "Èmi ni mo já ewé yẹn fún ẹ lọ́jọ́rú. O ní àwọn èèyàn ń gba oko rẹ kọjá láìtọrọ àyè."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Oko mi ni mo fi sí."

"Oko wo?"

"Ẹnu góòlù ni. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà níbẹ̀. Oòrùn ibẹ̀ ló ń pa mí, òjò ibẹ̀ ló ń pa mí, ibẹ̀ nìyàwó mi ń gbé omi wá bá mi. Nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ta ló pẹ́ lóko tó bẹ́ẹ̀?"

Àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ mirí, ó ní òótọ́ ni, pé ọmọ tòun ò lo ọjọ́ mọ́kànlá lóko láyé rẹ̀.

Inú bí Masing. "Kí lo ti kó jáde níbẹ̀ rí?"

"Irú yín ni ò jẹ́ kí nǹkan hù, ẹ̀gbọ́n. Ojoojúmọ́ lẹ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nítorí yín ni mo ṣe lọ tọrọ ewé."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Tísà Titus, tó fọn fèrè lọ́jọ́ náà, ní òun ò rí ewé kankan. Nígbà tó yá, ó ní òun rí i, ṣùgbọ́n òun rò pé ọ̀ṣọ́ ni.

Olóyè ní, "Tísà, ṣé o rí i àbí o ò rí i?"

"Mo rí i, Bàbá, àmọ́ mi ò wò ó."

Masing ní kí wọ́n bi í ìdí tó fi dúró sáàárín pápá nígbà tí eré wà lẹ́nu góòlù. Titus wo ilẹ̀. Ó ní òun náà ní ẹlẹ́dẹ̀ nílé.

Ìyá Lirombo, tó máa ń ta láàpùláàpù, iṣu rírin tí wọ́n fi ewé pọ́n sè, lẹ́yìn góòlù, ò lè wọ nákàmàl nítorí pé obìnrin ni, nítorí náà ìta ló ti ń jẹ́rìí. Ó ní àárọ̀ ni Kaising so ewé náà, kí adìyẹ má bàa wá jẹ oúnjẹ òun. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe ìgbà ìsinmi, nígbà tí Lavut bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ó ní ìgbà yẹn náà ni. Wọ́n bi í pé ẹgbẹ́ ta ló wà lẹ́yìn.

"Èmi? Ẹni tó bá ra láàpùláàpù ni mo wà lẹ́yìn."

Ìgbìmọ̀ mu kàfà, omi gbòǹgbò tí wọ́n máa ń mu kí wọ́n tó dájọ́, igbá kọ̀ọ̀kan. Olóyè nu ẹnu.

"Kaising ní oko ni, mo gbà pé oko ni. Lọ́la ni yóò kọ ebè láàárín òpó méjèèjì, yóò sì gbin iṣu sí i. Láti ìsinsìnyí títí a ó fi wa iṣu náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ àfi òun, òun náà ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ẹni tó wà lóko kì í ṣe aṣọ́lé."

Kaising sorí kọ́.

"Ìwọ Masing, ẹsẹ̀ èèyàn ni ewé ń dá dúró. Bọ́ọ̀lù ò lẹ́sẹ̀. O dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń retí ọkọ̀, o ò rántí pé o lè gbá a."

Masing la ẹnu sílẹ̀. Kò rò ó rí. Àwọn ará Norbul tí wọ́n ń pè é ní Òpó náà ń wojú ara wọn, nítorí àwọn náà ò rò ó.

Olóyè ní, "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ́jọ́ náà. Ẹ lọ tún un gbá tán, kó tó di pé oòrùn wọ̀."

Gbogbo ìgbìmọ̀ tẹ̀ lé wọn lọ sí pápá. Titus gbé bọ́ọ̀lù síbi tí Masing dúró sí lọ́jọ́ yẹn. Kaising wà lẹ́yìn òpó, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Masing fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún gbá a, bọ́ọ̀lù sì wọ àwọ̀n. Norbul gbé e sókè. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ti ń rí èbúté Luganville.

Titus wo aago. "Ó ku ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù wá sáàárín."

Kò sẹ́ni tó mira. Bọ́ọ̀lù wà nínú àwọ̀n, nínú oko Kaising.

Wọ́n ní kí wọ́n mú òmíràn. Titus ní òfin líìgì kò gbà á, bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi parí. Bí eré ò bá sì parí, kò sẹ́ni tó borí, kò sẹ́ni tó ń lọ.

Masing kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ ká ewé yín kúrò. Sátidé lọkọ̀ ń lọ."

Olóyè wo ewé, ó wo Masing.

"Mo ti dájọ́ níwájú gbogbo ìlú. Oṣù mẹ́fà ò pẹ́, ọmọ mi. Bọ́ọ̀lù yóò bá iṣu jáde."