Bàbá Ìṣirò Fi Méjìlá Wá Méjìlá

Bí ẹ bá pe olùkọ́ yìí ní tíṣà lásán, kò ní dá yín lóhùn. Bàbá Ìṣirò ni kí ẹ pè é, kí ẹ sì fi oríkì rẹ̀ kún un: Arí-nọ́ńbà-má-sá, Abá-ìṣirò-jà-má-wo-ìwé. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló máa ń kì í délẹ̀, ìyẹn náà, ìgbà tó bá fẹ́ kó bá òun gbé garawa omi ni.

Bàbá Ìṣirò kì í yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó ní ẹja kì í bèèrè bí omi ṣe jìn. Àǹtí tí wọ́n jọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kì í fi ìdáhùn sílẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò, Bàbá Ìṣirò a sì máa fi í ṣẹ̀sín ní yàrá olùkọ́ pé ojo ni.

Ipò olórí ẹ̀ka ìṣirò wá ṣófo. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní òun yóò yan ẹni tó máa gba ipò náà lọ́jọ́ tí àwọn òbí bá wá wo bí a ṣe ń kọ́ ọmọ wọn. Bàbá Ìṣirò fẹ́ ipò yìí débi pé oúnjẹ kò wọlé fún un mọ́. Ó ti lọ wọn fèrèsé ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka láti ra kọ́tìnnì. Ó há àpẹẹrẹ kan sórí, ó ń fi kọrin nínú balùwẹ̀.

Ọjọ́ pé. Àwọn òbí kún ẹ̀yìn kíláàsì. Bàbá Ìṣirò kọ ÌFIRỌ́PÒ gàdàgbà sójú pátákó, ìyẹn ọgbọ́n mímú ohun tí a rí nínú ìlà kan lọ rọ́pò lẹ́tà nínú ìlà mìíràn. Kó tó kọ nọ́ńbà kankan, ọ̀gá àgbà ní kí òbí kan fúnra rẹ̀ gbé ìbéèrè kalẹ̀.

Káfíńtà kan dìde. "Mo kan àpótí ìjókòó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Gbogbo wọn jẹ́ méjìlá. Ẹsẹ̀ tí mo gé jẹ́ mọ́kànlélógójì. Àpótí mélòó, àga mélòó?"

Èyí kọ́ ni àpẹẹrẹ tí Bàbá Ìṣirò há sórí. Síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín, ó fi p dúró fún àpótí, g fún àga, ó kọ ọ́:

p + g = 12
3p + 4g = 41

Látinú ìlà kìíní, ó ní p = 12 − g. Títí dé ibẹ̀, ó káre. Ìlà kejì ló kù kó gbé e lọ, ṣùgbọ́n ojú ìlà kejì le. Ó bá dá a padà sínú ìlà kìíní tó ti yọ ọ́:

12 − g + g = 12
12 = 12

Gbogbo lẹ́tà ti sá lọ. Ó fi ìyẹn sílẹ̀ lójú pátákó, ó tún wá g dípò p, ó tún dá a padà síbi tó ti wá. Méjìlá tún jáde. Ó kọjú sí àwọn òbí.

"Ẹ kú orí ire," ó ní, "ìdáhùn ti dé. Méjìlá dọ́gba pẹ̀lú méjìlá."

"Ọ̀gá," káfíńtà ní, "mo ti mọ ìyẹn kí n tó kúrò nílé. Àpótí mélòó ló wà níbẹ̀?"

Ẹ̀rín sọ. Bàbá Ìṣirò ní ìbéèrè náà lábùkù, pé irú àga bẹ́ẹ̀ kò sí láyé. Káfíńtà ní wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù òun, kó wá jókòó lé wọn.

Ọ̀gá àgbà wá pe Àǹtí. Àǹtí kò pa ohunkóhun rẹ́. Ó ní ohun tí Bàbá rí dára, àmọ́ ilé tó ti jáde ló tún dá a padà sí, ilé kejì ló yẹ kó gbé e lọ:

3(12 − g) + 4g = 41
36 + g = 41

Àga márùn-ún, àpótí méje. Ó wá ka ẹsẹ̀ wọn sókè: mọ́kànlélógún ti àpótí, ogún ti àga, ó pé géérégé. Káfíńtà ní bí òun ṣe tò wọ́n síta láàárọ̀ gan-an nìyẹn.

Ọ̀gá àgbà kò fọ̀rọ̀ gùn. Ó ní láti òní lọ, Àǹtí ni olórí ẹ̀ka ìṣirò, gbogbo olùkọ́ ìṣirò yóò sì máa gbé iṣẹ́ wọn wá fún un yẹ̀ wò. Àtẹ́wọ́ gba yàrá kan. Bàbá Ìṣirò wá ilẹ̀ tí ì bá lanu gbé e mì, kò rí.

Àǹtí kọjú sí kíláàsì bó ti máa ń ṣe lẹ́yìn gbogbo àpẹẹrẹ. "Ṣé ó yé yín?"

Gbogbo ọmọ yíjú sí Bàbá Ìṣirò, àwọn òbí náà yíjú sí i.

Ó rọra gbé ṣọ́ọ̀kì kalẹ̀.

"Ó yé mi, mà."