Bàbá Láníhùn Tó Ń Kí Gbogbo Ayé

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló lè sọ fún mi ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà? Ẹ dákẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan á ní ọkùnrin kan ló ju òkúta lu ìyàwó rẹ̀ lọ́jà. Irọ́ ni. Rédíò ló fà á. Ẹni tó bá sì ní òwe náà ti wà kí rédíò tó dé, kó lọ sọ tiẹ̀ nílé ẹlòmíràn.

Ní àdúgbò wa ní Òkè-Ọ̀pẹ, bàbá kan wà tó ń jẹ́ Láníhùn. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ títún rédíò ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà lókè òkun, ọjọ́ ọdún ni wọ́n sì ń pè é. Òun nìkan ló ń sebẹ̀, òun nìkan ló ń jẹ ẹ́. Bó bá sín, òun náà ló ń kí ara rẹ̀ pẹ̀lẹ́. Mo gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tó ń sọ fún ìgò epo pé, "Jọ̀ọ́, sún díẹ̀." Ìdáwà kì í ṣe ohun à á fi ṣẹ̀rín, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìyá Dúrótoyè, ló ń gbé lódìkejì ògiri o. Ọmọ ìyá kan náà! Ọdún mẹ́fà ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Níbi ìsìnkú ìyá wọn ni ẹ̀gbọ́n ti sọ lójú gbogbo mọ̀lẹ́bí pé, "Màámi ń pe Láníhùn títí wọ́n fi kú. Láníhùn ń fetí sí rédíò." Ọ̀rọ̀ náà dun àbúrò wọ eegun. Ó ní, "Ẹ panu mọ́!" Sí ẹ̀gbọ́n! Àwọn àgbà ní kó dọ̀bálẹ̀ kó bẹ̀bẹ̀, ó kọ̀. Láti ọjọ́ náà kò kí i mọ́, ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n kì í kọ́kọ́ kí àbúrò. Bí wọ́n bá pàdé lójú pópó, Bàbá Láníhùn á gbójú sókè, á máa wo ọ̀run bí ẹni tó ń retí òjò.

Ohun tó wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé kí ẹnì kan, ẹnikẹ́ni, dá òun lóhùn. Ó gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, ó ní òun fẹ́ kọ́ rédíò tí òun á máa fi ránṣẹ́. Ìgbì rédíò kan wà tó lọ sílẹ̀ gan-an, tí kì í fò lókè bí àwọn yòókù. Ilẹ̀ ló ń bá lọ, ó ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ràn irú eré bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè. Wáyà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gùn. Bàbá Láníhùn so tiẹ̀ mọ́ orí ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìnkùlé, ó fà á dé orí òpó kan ní ìdí ògiri, ó sì fi gba ẹ̀gbẹ́ òrùlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá. Ó ká wáyà bàbà mọ́ garawa ọ̀dà ní igba ìgbà. Ó to bátìrì ọkọ̀ mẹ́rin sídìí rẹ̀.

Mo bi í pé, "Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?"

Ó ní, "Òkò ni mò ń sọ, ọmọ mi. Ayé lọjà. Mo fẹ́ mọ ẹni tó máa bà."

Ẹ ń gbọ́ mi bí? Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

Ìgbì náà kò lágbára, nítorí náà jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Títẹ̀ kúkúrú, ìṣẹ́jú kan. Títẹ̀ gígùn, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Èèyàn á tò wọ́n pọ̀ di lẹ́tà, bí wọ́n ṣe ń tẹ wáyà láyé àtijọ́. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni àwọn òyìnbó tó ń ṣe é máa ń fi ránṣẹ́, wọ́n á sì lọ jẹun. Bàbá Láníhùn ní, "Ṣé ẹran ni mí ni? Kí n wọlé onílé kí n má kí wọn?" Ló bá bẹ̀rẹ̀ láago méje: Ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Kó tó dórí àwọn ọmọ, aago méjì ọ̀sán ti lù. Ta ló ń kí èèyàn ẹ kú àárọ̀ láago méjì? Ojú tì í, ó pa á tì, ó tún bẹ̀rẹ̀: Ẹ kú ọ̀sán o. Kó tó béèrè ilé, ilẹ̀ ti ń ṣú. Odidi oṣù méjì ló fi ń kí ayé láìdé ìdí ọ̀rọ̀.

Ó ń de ẹ̀rọ mọ́ etí, ó ń retí èsì. Ààrá nìkan ló ń gbọ́. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ó jọ pé kò sẹ́nì kankan níta." Bó ṣe sọ ọ́ dùn mí. Mo délé, mo pe ìyá mi.

Ó wá fi kún agbára. Bátìrì mẹ́rin di mẹ́jọ, garawa kan di méjì. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Dúrótoyè jókòó, ó ń gbọ́ ìwàásù. Rédíò rẹ̀ ní "hùùùn" fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko, ó gbé ohùn pásítọ̀ mì. Ó gbá rédíò létí, ó tún ní "hùùùn." Lọ́jọ́ kejì ó ń sá aṣọ lórí wáyà ẹ̀yìnkùlé, wáyà bù ú jẹ. Ó sá yẹ̀rì, ó bù ú jẹ. Ó sá ìró, ó tún bù ú jẹ. Ó ní, "Ìwọ wáyà yìí, kí ni mo fi ṣe ọ́?" Lọ́jọ́ kẹta òjò ṣú dùdù, kò sì sí iná ládùúgbò láti ọjọ́ Ajé. Gílóòbù gbọọrọ inú pálọ̀ rẹ̀ dédé tàn. Ó tàn, ó kú. Ó tàn, ó kú.

Kí ẹ tó ṣẹ́jú, èèyàn mẹ́rìndínlógún ti gbé fóònù dé láti wá gba iná sí i. Èmi náà gbé tèmi lọ, mi ò ní parọ́. Ìyá àgbà kan ti fìríìsà rẹ̀ wá lórí bárò. A ti wáyà rẹ̀ bọ ojú iná, kò ṣiṣẹ́.

Ìyá àgbà ní, "Irú iná wo nìyí?"

Ìyá Dúrótoyè ní, "Ẹ dákẹ́ ná!"

Ó ń wo gílóòbù, ó ń wo aago. Ọgbọ̀n ọdún ni ìyá yìí fi tẹ wáyà nílé ìfìwéránṣẹ́. Òun gan-an ló kọ́ Láníhùn nígbà tó wà lọ́mọdé, ṣíbí ni wọ́n fi ń lu àwo. Ó mú bírò, ó ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. A jókòó tì í, láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, ó kà á jáde: "Ẹ kú ọ̀sán o. Ṣé dáadáa ni?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọdún mẹ́fà." A ò mọ ibi tí a máa kọjú sí. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í nu ara fìríìsà.

Ló bá dìde, ó mú ọmọ odó, ó jáde sẹ́yìnkùlé, ó sì ń fi lu dírọ́ọ̀mù omi tó ṣófo.

Bàbá Láníhùn ti de ẹ̀rọ mọ́ etí lódìkejì. Ó gbọ́ ọ! Ó jìn bí ohun tó ti òkèèrè wá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ! Ẹnì kan dáhùn! Ó fa bébà, ó ń kọ ọ́: D. O. B. Ó ní ó kéré tán, Bùràsílì ni. A. L. E. Ó yọ ẹ̀rọ létí kó lè nu òógùn ojú. Ariwo náà ò dákẹ́, ńṣe ló tún le sí i.

Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Dọ̀bálẹ̀.

Ó ké pé, "Ta nìyẹn?"

Ẹ̀gbọ́n dáhùn láti ẹ̀yìn ògiri pé, "Ta ló kọ́ ẹ ní wáyà?"

Ó gun orí bátìrì, ó gun ògiri, ṣòkòtò rẹ̀ há, ó já lulẹ̀ gbì, àyà rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, orí rẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Títí dòní, a ò mọ̀ bóyá ó dọ̀bálẹ̀ ni àbí ó ṣubú.

"O kí gbogbo ayé tán, Láníhùn."

"Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Èmi nìkan ló ń gbọ́. Ò ń bi mí bóyá dáadáa ni. Kò dáa. Èmi nìkan ni mo wà nínú ilé yìí. Wáyà bù mí jẹ, kò sẹ́ni tí mo lè sọ fún."

"Ẹ dárí jì mí. Màámi pè mí lóòótọ́, mi ò gbọ́."

"Mo mọ̀. Kò sì yẹ kí n sọ ọ́ lójú èrò." Ó fi ìró nu ojú. "Parí ìkíni rẹ. O ò tíì béèrè ilé."

Ó wà nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, ó ní, "Ilé ńkọ́?"

"Ilé wà."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n jìnnà."

"Tèmi náà jìnnà."

Mo fi ẹsẹ̀ wọn ibẹ̀ nígbà tí èrò tú ká. Láti ìdí garawa dé ìdí dírọ́ọ̀mù, ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ni. Bùràsílì ò gbọ́ nǹkan kan. Àdúgbò kejì gan-an ò gbọ́. Ìyá àgbà tó ń ti fìríìsà rẹ̀ padà sílé ló mi orí, tó ní, "Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ẹ̀yin ọmọ mi, ará ilé ẹni ní í bà."