Tíṣà Herbert àti Dígí Aláwọ̀ Ewé

Bí ìgbéraga bá ń mú ènìyàn sanra ni, Tíṣà Herbert kì bá ti gba ẹnu ọ̀nà iléèwé wọn n'Ígbẹ̀ìn wọlé. Ọdún kan péré ló fi kàwé n'Íbàdàn, ó sì padà dé pẹ̀lú awò tí ojú rẹ̀ kò nílò.

Lọ́dún 1949, ìgbìmọ̀ iléèwé ń wá olórí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Herbert ti dá kóòtù tí yóò fi jókòó sórí àga náà. Ó ní òun yóò fi han ìgbìmọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ni oúnjẹ ewé. Ó bu ewé yíyọ̀ tó máa ń hù nínú ìkòkò omi sínú ìgò mẹ́ta, ó kó wọn sínú àpótí mẹ́ta tó fi dígí bo lójú: pupa, àwọ̀ aró, àti àwọ̀ ewé. Ó búra pé inú ti àwọ̀ ewé ni yóò ti hù jù, torí pé ewé ló ń bí ewé. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ṣe màgòmágó, ó ti àwọn àpótí náà pa, ó kó kọ́kọ́rọ́ fún alága ìgbìmọ̀, Bàbá Dìran.

Aláró ni onílé Herbert, Ìyá Mọ́nsúrù. Obìnrin náà sọ fún un wọ́ọ́rọ́wọ́ pé nǹkan yìí kì í hù nínú amù tó wà nídìí fèrèsé onídígí aláwọ̀ ewé òun. Ìdí fèrèsé aláwọ̀ aró ló ti máa ń yọ òun lẹ́nu. Herbert rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, ó ní kí ó gbájú mọ́ aró rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni gbàgbé pé bí ọmọdé bá ní ìwé tó àgbà, kò lè ní ìkòkò tó o.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, ìgbìmọ̀ dé sí àgbàlá Ìyá Mọ́nsúrù, níbi tí àwọn àpótí náà wà. Herbert da òyìnbó bò wọ́n títí alága fi ń tòògbé. Alága jí, ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí àgádágodo àwọn àpótí náà, Herbert wá ṣí àpótí pupa: ewé hù dáadáa. Ó ní kékeré nìyẹn. Ó ṣí ti aró: ewé kún ìgò, ó ń hó yọyọ. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í rin kóòtù tuntun. Ó ṣí ti àwọ̀ ewé: omi mọ́ gaara, ìwọ̀nba ewé tó bù síbẹ̀ ti rọ.

Herbert ní ewé náà ń sùn ni. Ó mi ìgò náà, kò jí. Ó ní ẹnìkan ló pààrọ̀ dígí. Bàbá Dìran rọra fi kọ́kọ́rọ́ hàn án, ó sì bi Ìyá Mọ́nsúrù bóyá ó mọ ìdí rẹ̀.

Ìyá na àtẹ́lẹwọ́ dúdú rẹ̀ síta. "Ẹ wò ó, aró tí aṣọ kò mu ló ń kun ọwọ́ wa. Àwọ̀ ewé tí ẹ ń rí lára nǹkan yìí, òun ni kò mu nínú ìmọ́lẹ̀. Tíṣà wá lọ fi ohun tí kò mu bọ́ ọ."

Tíṣà mìíràn, Olújìmí, ni wọ́n fi ṣe olórí sáyẹ́ǹsì. Wọn kò kúkú jẹ́ kí Herbert lọ lọ́wọ́ òfo. Ó ti fi hàn gbangba pé dígí aláwọ̀ ewé òun kì í jẹ́ kí ewé hù nínú omi, wọ́n sì fi í ṣe alábòójútó amù àwọn ọmọ iléèwé. Kóòtù náà ló wọ̀ lọ fọ̀ wọ́n.