Ìnṣọ́ránsì Mọ́tò Fárọ̀mbí Tó Ti Di Ilé Adìẹ

Ẹjọ́ kan wọ ilé Baálẹ̀ wa lánàá, mo sì wà níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti tẹ́ ẹní títí tí gbogbo wa fi dìde. Abúlé wa ò jìnnà sí Owódé. Ẹjọ́ tí a máa ń gbọ́ níbí, ti ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀gẹ́ ni, tàbí ti ààlà oko. Eléyìí, ti mọ́tò ni. Mọ́tò ọ̀hún gan-an ò sì lè wá, torí pé adìẹ ń sàba nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe lọ.

Ẹni tó pẹjọ́ ni Fárọ̀mbí, àgbẹ̀ oníkòkó. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Herbert, ará Igbein, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń bá kọ́ńpìnnì ìnṣọ́ránsì kan ṣiṣẹ́. Ìnṣọ́ránsì yìí, bí wọ́n ṣe là á yé wa ni pé o máa san owó lọ́dọọdún, tí mọ́tò ẹ bá wá kọ lu èèyàn tàbí ẹran ọ̀sìn, kọ́ńpìnnì á bá ọ san owó tó bá já sí. Tí kò bá kọ lu nǹkan kan, kọ́ńpìnnì á kí ọ kú oríire, á sì gba ti ọdún tó ń bọ̀.

Baálẹ̀ ní, "Fárọ̀mbí, kí ló dé?"

Fárọ̀mbí dọ̀bálẹ̀. "Baba, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí ogun Hítílà parí ni mọ́tò mi kú. Mo yọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tà. Mo yọ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tà. Látìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti gba owó ìnṣọ́ránsì ẹ̀."

"Ta ló ń san án fún wọn?"

"Èmi náà ni, àmọ́ n kì í fọwọ́ mi san án. Ọdún tí mo ra mọ́tò, ó ní kí n tẹ̀ka sí ìwé kan. Ìwé yẹn ló wà lọ́wọ́ akọ̀wé ní sítọ́ọ̀ kòkó. Kí n tó débẹ̀ gba owó kòkó mi, wọ́n á ti yọ tiwọn. Páànù ni mo fẹ́ fi tọdún yìí rà, Baba. Mo ti ká koríko orí ilé kúrò sílẹ̀ dè é. Apá kan ilé mi ní páànù, apá kejì, ojú ọ̀run là ń wò. Òjò àkọ́rọ̀ sì rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyá mi tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, agboòrùn ni wọ́n ń ṣí lórí ẹní."

"Kí lo wá ń fẹ́?"

"Kí wọ́n fi òkú mọ́tò mi sílẹ̀, kí wọ́n sì bá mi bo ilé mi kí òjò tó dé gidi."

Herbert dìde. Ó wọ kóòtù nínú oòrùn yẹn, ó sì ní ìwé lábíyá.

"Baálẹ̀, ẹ kú ìjókòó. Èmi ò jí owó ẹnikẹ́ni. Ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi Fárọ̀mbí tẹ̀ka sí sọ pé tí a ò bá gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu wọn ní ogójì ọjọ́ kí ọdún tó pé, ìnṣọ́ránsì á tún ara ẹ̀ ṣe fún ọdún mìíràn. A ò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún ara ẹ̀ ṣe. Àǹfààní ni, sà. Ta ni kò ní í wù kí nǹkan ẹ̀ máa tún ara ẹ̀ ṣe?"

Ọ̀tún Baálẹ̀ ní, "Òrùlé ẹ̀ ni kí ẹ ní kó tún ara ẹ̀ ṣe."

Fárọ̀mbí ní, "Lẹ́tà tó ní kí n fèsì nígbà tó bá ku ogójì ọjọ́, ó dé ọwọ́ mi nígbà tó ku ọgbọ̀n. Tíṣà ló kà á fún mi."

Herbert ní, "Ìyẹn la fi ń rọ oníbàárà pé kí wọ́n tètè fèsì."

"Kí n fèsì lẹ́tà tí n ò tíì rí?"

"Kọ́ńpìnnì ò sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ rí i kí ẹ tó fèsì."

Àwọn àgbà wo ara wọn. Herbert ò jẹ́ kó tutù.

"Èmi fúnra mi ò sì sùn lé e. Lọ́dọọdún ni mò ń gun kẹ̀kẹ́ láti Igbein wá wo mọ́tò yìí. Ẹ̀gbọ́n, ṣé n kì í wá?"

"Ò ń wá."

"Ṣé n kì í kí yín? Ṣé n kì í ní, ilé ńkọ́?"

"Mo máa ń ní a dúpẹ́."

"Ìyàwó ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

"Ìyá ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

"Mọ́tò ńkọ́?"

Fárọ̀mbí wolẹ̀. Baálẹ̀ ní, "Kí lo máa ń sọ?"

"Mo máa ń ní ó wà dáadáa, a dúpẹ́."

"Fárọ̀mbí. Mọ́tò tó ti kú?"

"Baba, kí ni kí n wí? Èèyàn gun kẹ̀kẹ́ láti Igbein, òógùn bò ó, kò tíì jókòó, omi ò tíì kan ọ̀fun ẹ̀, kí n wá máa ro ẹjọ́ òkú mọ́tò fún un? Kíkí ló kí mi, mo sì jẹ́ ẹ."

Ká má purọ́, kò sí ẹni tó lè bá a wí nínú wa. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọjọ́ tí eyín mi méjì bọ́, ẹni tó bi mí pé ara ńkọ́, ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu mi tí mo fi ní a dúpẹ́. Baálẹ̀ gan-an, ọdún tí àká wọn jóná, wọ́n dá àlejò lóhùn pé gbogbo ẹ̀ wà dáadáa. Èéfín ṣì ń rú lẹ́yìn wọn.

Herbert ní, "Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú wọn."

Fárọ̀mbí ní, "Nígbà tí o sì fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ẹ padà, tí o ní ṣé ká máa bá a lọ, kí ni mo sọ?"

"Ẹ ní ẹ ó rò ó wò."

Ọ̀tún ní, "Ó ti kọ̀ fún ọ nìyẹn."

"Wọ́n ní àwọn ó rò ó wò ni, sà."

"Mo gbọ́. Ìgbà tí mo lọ tọrọ ọmọ Ṣàngówùmí, bàbá ẹ̀ ní òun ó rò ó wò. Ọdún kejìlélógún rèé."

Baálẹ̀ ní kí Ọ̀ṣungbèmí, ìyàwó Fárọ̀mbí, wá jẹ́rìí. "Ìyàwó, ṣé mọ́tò wà àbí kò sí?"

Ó kúnlẹ̀. "Kò sí, Baba. Adìẹ mẹ́rìnlá ló wà nínú ẹ̀. Àgbébọ̀ kan ń sàba lórí àga dẹ́rẹ́bà. Ìtàkùn ẹ̀gúsí ti gba orí ẹ̀."

Ọ̀tún ní, "Ẹyin mélòó ló ń yé?"

Baálẹ̀ fọwọ́ dá a dúró.

Herbert náà pe ẹlẹ́rìí tiẹ̀. Láwàlì ni, tó ń wa mọ́tò náà fún Fárọ̀mbí nígbà tó ṣì ń rìn.

Láwàlì ní, "Mọ́tò wà, Baba. Ó kàn ń sinmi ni."

"Ìgbà wo ló rìn gbẹ̀yìn?"

"Lọ́dún tó kọjá. Ó rìn láti ẹ̀yìn ilé dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Ọ̀ṣungbèmí ní, "Àgbàrá ló wọ́ ọ lọ."

"Ó ṣáà rìn."

Baálẹ̀ ní, "Láwàlì, táyà mélòó ló ní?"

"Ẹ̀yin ń ka táyà. Èmi, ẹ̀mí ẹ̀ ni mò ń wò."

Baálẹ̀ ní kó sọ òótọ́. Láwàlì fajú ro. "Baba, Láwàlì Dẹ́rẹ́bà ni gbogbo abúlé ń pè mí. Dẹ́rẹ́bà ni ìyàwó mi fẹ́. Tí mo bá dúró níbí tí mo ní mọ́tò ti kú, kí ni mo wá dà?"

"O di olùtọ́jú adìẹ," Ọ̀ṣungbèmí ló sọ bẹ́ẹ̀.

Àánú ẹ̀ ṣe Baálẹ̀. "Jókòó, Dẹ́rẹ́bà."

Ó wá kọjú sí Herbert. "Ṣé owó yẹn ò lè padà?"

"Ó ti lọ sí Èkó, Baba. Kì í padà. Àmọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn adìẹ yẹn bá já bọ́ lu èèyàn látinú mọ́tò, kọ́ńpìnnì á dúró tì wọ́n."

Baálẹ̀ àti Ọ̀tún forí korí. Wọn ò pẹ́.

"Herbert, o ní ilé ní Igbein?"

"Mo ní, Baba. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni."

"Páànù orí ẹ̀ pé?"

"Ó pé, a dúpẹ́."

"Yàrá mélòó?"

"Mẹ́fà."

"Ó dáa. Kọ́ńpìnnì ẹ ló kó òrùlé ẹbí yìí lọ sí Èkó. Lọ́la, Fárọ̀mbí, ìyàwó ẹ̀, ìyá ẹ̀ àti adìẹ mẹ́rìnlá ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ ẹ fún oṣù kan. Tí oṣù bá pé, ó ti tún ara ẹ̀ ṣe nìyẹn, àfi tí o bá kọ̀wé sí mi nígbà tó ku ogójì ọjọ́ kí oṣù pé."

Herbert ka ìka ọwọ́. Ó tún un kà. "Baba, oṣù kan ò tó ogójì ọjọ́."

"Ìyẹn la fi ń rọ̀ ọ́ pé kí o tètè kọ ọ́."

"Harriet ìyàwó mi ò ní í gbà, sà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àga sí pálọ̀ ni."

Ọ̀tún ní, "Kò burú. Àgbébọ̀ yẹn ti mọ àga lò."

Fárọ̀mbí ti fẹ́ máa dọ̀bálẹ̀ ìdúpẹ́. Baálẹ̀ dá a dúró. "Ìwọ náà, má tíì yọ̀. Láàárọ̀ ọ̀la, o máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, o máa sọ fún wọn pé mọ́tò ẹ ti kú. Ẹni tó bá ní ẹ kú ará fẹ́ra kù, kí o jẹ́ ẹ. Láwàlì ni kó ṣáájú yín, òun ló sún mọ́ ọn jù."

Láwàlì gbà. Ó tiẹ̀ jọ pé ó wù ú.

Herbert ti ń làágùn wọ kóòtù. "Baba, tí mo bá fowó ara mi bo ilé wọn ńkọ́?"

"Onílé ni kí o bi."

"Ẹ̀gbọ́n, páànù mélòó ló kù?"

"Ogún."

"Mà á kó ogún wá lọ́la. Mà á mú káfíńtà dání."

Fárọ̀mbí la ẹnu pé kí òun gbà, ni ìyá ẹ̀ bá sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ẹní ìyá ti wà ní kíká lábíyá wọn.

"Herbert, ọmọ mi, má yọ ara ẹ lẹ́nu. Láti kékeré ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti ń wù mí í gbé. Yàrá wo ló kọjú sí títì?"