Dàńṣíkí Bàbá Láyíwọlá

Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ohun tó fà á tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé a kì í wọn aṣọ fún ẹni tí ebi ń pa? Ẹ má mi orí fún mi, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀, níbo lẹ ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ẹ jókòó dáadáa.

Láyé ìgbà tí aṣọ ṣì ń jẹ́ aṣọ, tí bàbá á lò ó títí kú, tí ọmọ á tún jogún rẹ̀, opó kan wà ní abúlé Ìdí-Ọsàn tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kò ju ọmọkùnrin kan, Láyíwọlá, àti dàńṣíkí òfì kan pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀. Ọkọ náà sanra bí àká àgbàdo nígbà ayé rẹ̀. Àwẹ̀ró a máa ṣí àpótí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a fi imú kan aṣọ yẹn, òórùn aró àti ti tábà ọkọ rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀. Á pa àpótí dé, á bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹkún kì í bá ni tajà.

Láyíwọlá wá rí Àsàkẹ́, ọmọ Bàbá Ọ̀jẹ́níyì, ó ní òun ò fẹ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bàbá ọmọ yìí le. Nílé tiẹ̀, ẹni tó bá wá tọrọ ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ iyán tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ tán. Bó bá ṣẹ́ òkèlè kan kù, wọ́n á ní apá rẹ̀ ò lè ká oko, kó máa lọ. Ó ti lé àwọn kan bẹ́ẹ̀. Ni àwọn ọ̀rẹ́ Láyíwọlá bá gbà á nímọ̀ràn pé kó má fẹnu kan oúnjẹ títí ọjọ́ ìtọrọ yóò fi pé, kí àyè lè wà nínú. Omi lásán ló ń mu.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá rẹ̀ gbé dàńṣíkí àti ṣòkòtò jáde, kó lè dín wọn kù fún ọmọ láti wọ̀ lọ sílé àna. Awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun òfì, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ so ó pọ̀. Bó bá tóbi, wọ́n á tú awẹ́ kan kúrò, wọ́n á rán ìyókù padà. Àwẹ̀ró tú awẹ́ kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ wọ̀ ọ́ wò, aṣọ tún ń jó lára rẹ̀. Ó tú òmíràn. Ilẹ̀ tún mọ́, bákan náà ni. Ó ń bínú sí abẹ́rẹ́, kò mọ̀ pé ọmọ ló ń gbẹ.

“Láyíwọlá, ṣé o ń jẹun báyìí?”

“Mo jẹ iṣu sísun lóko, Màámi.”

“Ìdí rẹ wá dà? Ṣòkòtò ò rí nǹkan dì mọ́.”

Ó ní òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé aṣọ òkú ló wọ ọmọ òun. Ó rán an títí ó fi lẹ̀ mọ́ ọn bí èèpo ṣe lẹ̀ mọ́ igi.

Ọjọ́ pé, wọ́n dé ilé àna. Iyán dé, òkè kékeré kan ni, ẹran ìgalà yí i ká. Láyíwọlá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tí Àwẹ̀ró gbọ́ “tá” lábẹ́ abíyá ọmọ. Ó rò pé àga ni. Ó tún gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà tó wò ó, awẹ́ kan ti ń yà kúrò lára èkejì, ọ̀rọ̀ iṣu sísun sì yé e lójú ẹsẹ̀.

Ó tẹ̀ sún mọ́ ọn. “Ọmọ mi, rọra.”

“Màámi, bí mo bá rọra, Àsàkẹ́ lọ.”

Àwẹ̀ró wo aṣọ ọkọ rẹ̀. Ó wo ọmọ.

“Jẹ ẹ́,” ló wí.

Ó jẹ ẹ́. Bí òkèlè ṣe ń wọlé ni awẹ́ ń já, bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ó lá àwo mọ́. Ó wá ku kó dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ láti dá a dúró, ó ti pẹ́ jù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ṣòkòtò sì sọ ti ẹnu rẹ̀, láti ìdí dé orúnkún. Nígbà tó dìde, ọrùn dàńṣíkí nìkan ló bá a dìde. Ìyá Àsàkẹ́ kọjú sí ògiri. Àsàkẹ́ fúnra rẹ̀ ló tú ìborùn rẹ̀ sọ sí i.

Bàbá Ọ̀jẹ́níyì mú awẹ́ kan nílẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wá béèrè ẹni tó rán aṣọ náà.

“Èmi ni, bàbá. Ebi ló ń pa á nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, mi ò mọ̀.”

“Ìyá Láyíwọlá, èmi àti ọkọ yín la jọ ń ro oko léwe. Báyìí náà ló ṣe ń jẹun. Ẹni tó jẹun títí aṣọ fi sá fún un, ṣé ebè lásán ló máa wá dẹ́rù bà á? Ó ti gba ìyàwó.”

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín títí, ó wá ń nu ojú. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó ń nù.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n mú ọkọ ìyàwó gbà jáde, ìborùn nídìí, ọrùn dàńṣíkí lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá gbé aṣọ lọ bá aránṣọ ní Ìdí-Ọsàn, àwo iyán ló máa kọ́kọ́ gbé síwájú yín. Bí ẹ bá ní ẹ ti yó, á ní kí ẹ fi hàn òun. Ẹ jẹ ẹ́ tán ná, kó tó mú okùn ìwọ̀n. A kì í wọn aṣọ fún ẹni tí ebi ń pa.